Ẹ̀gbo Tí A Fi Irúgbìn Yín Sè

Ìyá mi àtàtà,

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n mi Ògúntólú ra àgbàdo jíjẹ ní ọjà Láfẹ́nwá. Àpò kan ni. Ó fi okùn dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì tì í lọ sí abúlé ní ojú ọ̀nà kan náà tí ẹ̀yin àti òun máa ń gbà ru àgbàdo wá tà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ná kí n tó sọ nǹkan mìíràn.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù méje tí ẹ ti kú. N kò kọ̀wé sí yín rí, nítorí pé ẹ kò mọ ìwé kà, àti nítorí pé mo gbà pé òkú kì í ka lẹ́tà. Èrò mi kò tíì yí padà lórí èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni láti máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko sílẹ̀: ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbìn, iye ebè, iye àpò tí wọ́n kó wọlé. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ìbarà. Ohun kan ṣoṣo ni n kò kọ síbẹ̀, torí kò sí ibi tí wọ́n fàlà sí fún un. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí.

Mo jẹ irúgbìn yín, Màámi. Èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n sè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fo nǹkan kan.

Ilé ìdáná yín ni mo máa ń rí nígbà tí mo bá pa ojú dé. Àjà rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo kùn ún, àwọn ìdì àgbàdo sì rọ̀ láti ara igi àjà wá sí òkè ààrò, méjì méjì, tí ẹ fi háríhá ara wọn so wọ́n pọ̀. Bí mo bá ń fẹ́ iná, èédú àjà a máa já bọ́ sí mi lọ́rùn. N kì í fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá dàgbà, ilé ìdáná tèmi yóò funfun.

Mo rántí bí ẹ ṣe ń ṣa irúgbìn. Ẹ kì í ṣà á ní etí oko, ẹ kì í sì í ṣà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbi tí eérú ti mú ilẹ̀ sanra. Àárín oko gan-an ni ẹ máa ń wọ̀ lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ran àgbàdo lọ́wọ́. Ẹ kì í wo èyí tó tóbi jù. Ẹ a fi àtàǹpàkò tẹ orí ọmọ àgbàdo, láti mọ̀ bóyá háríhá rẹ̀ bò ó kọjá orí tàbí kò bò ó. Èyí tó bá pa dé pinpin, òun ni ẹ ó fi sínú agbọ̀n. Èyí tí orí rẹ̀ bá yọ síta, ẹ ó ní ti ìkòkò ni, torí ó ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Nígbà tó bá sì ti pẹ́ lókè ààrò, ẹ a fi eyín ẹ̀gbẹ́ fọ́ hóró kan, ẹ a dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, ẹ a wá mi orí. Kí ni ẹ máa ń gbọ́? Mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, mo sì mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú hóró. N kò bi yín léèrè rí ohun tí ìró yẹn ń sọ fún yín.

Mo mọ òfin ilé wa lórí irúgbìn náà pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá kú, ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò sọ irúgbìn kalẹ̀ kí iná ààrò tó kú, ọjọ́ náà gan-an ni yóò sì gbé e kọ́ sókè ààrò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fún ìyá yín. Ẹ sọ fún mi pé ìdì mẹ́jọ ni ẹ rù láti abúlé wọn, pé ẹ kò sinmi lọ́nà, torí ẹ kò fẹ́ kí ó sùn mọ́jú níbi tí kò sí èéfín. N kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin yín, èrò kún ojúde. Ìyá Dérìn, ọ̀rẹ́ yín tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, mú agbọ̀n wá, ó dúró sábẹ́ àjà.

"Ọmọ Ìyá Ògúntólú, ó yá, wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iná ti ń lọ."

Ní ìgbà yẹn, sítóòfù ni mo fi ń dáná nínú ilé ìjọba tí wọ́n fún mi ní Ìbarà. Òkè yàrá ìdáná mi funfun. Mo ti rí ohun tí mo ń tọrọ. Kò sí igi àjà, kò sí èéfín, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo lè gbé ìdì kan kọ́ sí, àfi ìṣó tí mo fi gbé kàlẹ́ńdà kọ́. Nínú báàgì mi, ìwé kan wà láti ọ́fíìsì pé irúgbìn àgbàdo tuntun ń bọ̀ fún àwọn abúlé tó wà lábẹ́ mi, kí àkọ́rọ̀ òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìwé náà nínú báàgì. Mo sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ fi se ẹ̀gbo. Àlejò pọ̀, irúgbìn tuntun sì ń bọ̀."

"Ẹ̀gbo kẹ̀? Irúgbìn Ìyá Ògúntólú?"

"Ẹ̀gbo ni, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun."

"Háà! Àgbẹ̀ oníwèé!" Ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí. Èmi kọ́ ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n ni mo ní kí ó gun àpótí. Ó wo ojú mi, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó gùn ún, torí èmi ni mo kàwé. Wọ́n yọ ọ́ ní hóró, wọ́n gún un, wọ́n sè é. Ó rọ̀, ó dùn. Mo jẹ abọ́ méjì. Mo sì rò pé inú yín yóò dùn pé a fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe àwọn àlejò yín níkẹyìn.

Irúgbìn tuntun náà dé lásìkò lọ́dún yẹn. Wọ́n ti fi oògùn pa á lára, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi okùn gbìn ín kí ìlà rẹ̀ lè tọ́, mo pín fatiláísà fún wọn, òjò sì rọ̀ bí ẹni pé òun náà ka ìwé ọ́fíìsì wa. Kí n má parọ́ mọ́ irúgbìn náà: àgbàdo tí Ẹ̀gbọ́n kó wọlé lọ́dún yẹn ju ìlọ́po méjì èyí tí ẹ̀yin àti òun kó rí lórí ilẹ̀ kan náà. Àká kún, ó kó ìyókù sí yàrá. Ó fi páànù bo ilé yín, ó ra kẹ̀kẹ́. Ìyá Dérìn tí kò fẹ́ sọ irúgbìn kalẹ̀ wá bá mi lójúde, ó gbé ọmọ àgbàdo kan mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́.

"Èyí sanra bí ọmọ olówó. Àgbẹ̀ oníwèé, mo gbà fún ọ."

Inú mi dùn débi pé mo lọ sí ibojì yín, mo sì ka iye àpò náà jáde lóhùn rara. Ojú ń tì mí nísinsìnyí bí mo bá rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè ni mo ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbin irú àgbàdo yìí; pé bí wọ́n bá tún ọmọ rẹ̀ gbìn, kò ní jọ ìyá rẹ̀; pé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n ó ti máa gba òmíràn lọ́dọọdún. Mo sọ ọ́. Ìwé ìpàdé náà wà lọ́wọ́ mi, ó wà níbẹ̀, ìlà kan péré.

"Àgbàdo tí kò ṣeé gbìn?" Ìyá Dérìn ló kọ́kọ́ fèsì. "Ṣé ìbaaka tí kì í bímọ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí n yáa bá ìbaaka náà wá ọkọ ní Ìbarà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú. N kò pè wọ́n padà. Fún àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, pé kí èèyàn má gbin ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà, ọ̀rọ̀ tí kò wọ etí ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ bí mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà ogún. Ó yẹ kí n gbin ebè mẹ́wàá péré sójú ọ̀nà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ìlà kan ni mo fi sọ ọ́.

Ní ọdún kejì, òjò bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó irúgbìn bọ̀ kò sì tíì dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń béèrè, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ó wà lọ́nà. Nígbà tó fi máa dé, ohun tí àwọn èèyàn gbìn ti ga dé orúnkún, fatiláísà kò sì sí lára ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò dúró dè é. Ó ti ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ: ó wọ àárín oko ní àsìkò ìkórè, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí ẹyọ kan tí háríhá rẹ̀ pa dé. Gbogbo wọn ló yọrí síta. Ó wá ṣa èyí tó tóbi jù, torí kò sí nǹkan mìíràn láti ṣà, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e kọ́ sókè ààrò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ó hù, Màámi, ìyẹn ló tàn wá. Ó hù dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀kan ga jù mí lọ, èyí tó tẹ̀lé e kò kọjá orúnkún mi. Òmíràn ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò tíì gbára dì. Nígbà tí a ya á, hóró ara rẹ̀ dà bí eyín ẹnu arúgbó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ohun tí a kó kò tó ìdajì èyí tí ẹ̀yin máa ń kó lọ́dún tí kò dára. Kòkòrò sì bá a wọlé, torí ilẹ̀kùn ti ṣí. Kí ọdún tó parí, bí èèyàn bá fọwọ́ kan àká, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀.

Ọdún kẹta, mo rí irúgbìn tuntun díẹ̀ gbà fún un, ọ̀dá sì pa á ní kékeré. Lọ́dún tí a wà yìí, àgbàdo ọjà ló gbìn. N kò mọ ìlú tí wọ́n ti kó o wá. Ewé rẹ̀ ní ìlà funfun gbọọrọ gbọọrọ, kò yọmọ. Ẹ rántí pé àgbàdo tútù àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, ti Òrìṣà Oko ni, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹnu kan án. Lọ́dún yìí, Ẹ̀gbọ́n fọ ojúbọ, ó gbálẹ̀ rẹ̀, kò sì gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní òun kò lè gbé àgbàdo ọjà síwájú òrìṣà. Inú àpò tó rà ní Láfẹ́nwá ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bu èyí tó fi ń ṣe ògì fún àwọn ọmọ.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ di ẹ̀bi ru irúgbìn tuntun. Ó ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe lọ́dún tí a fún un ní ohun tó ń béèrè. Oúnjẹ kò sì tó nílùú, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ẹnu ń pọ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ń gbìn nìkan kò lè bọ́ gbogbo Abẹ́òkúta. Mo ti ro ó láti òkè dé ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti ro nǹkan. Ǹ bá ní kí wọ́n gbin tuntun sí apá kan, kí wọ́n gbin tiyín sí apá kejì, kí igbó wà láàárín méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má bàa pò wọ́n pọ̀. Ǹ bá ní kí wọ́n fi otílì, ẹ̀wà tó ń mú ilẹ̀ sanra, sáàárín poro bí ẹ̀yin ṣe máa ń ṣe, kí ilẹ̀ má bàa gbójú lé fatiláísà nìkan. Lọ́dún tí ọkọ̀ bá dé, a ó kórè púpọ̀. Lọ́dún tí kò bá dé, a ó jẹun. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ tí a jẹ ẹ̀gbo.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ìwé tí mo kà kò sọ pé kí n jẹ irúgbìn yín. Ohun tó sọ ni pé kí a tọ́jú irúgbìn àtijọ́, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú tuntun jáde. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Mo yege.

Láti ọdún kejì ni mo ti ń wá a kiri. Gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ mi ni mo wọ̀, mò ń yọjú sí ilé ìdáná onílé, mò ń gbé ojú sókè. Irúgbìn tuntun ti dé gbogbo ibẹ̀, tàtijọ́ ti lọ sínú ìkòkò. Èmi ni mo mú un dé. Iṣẹ́ mi dára, Màámi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ ọ́ sílẹ̀ nípa mi. Ìyá Dérìn nìkan ló tọ́jú díẹ̀ nínú tàtijọ́ tirẹ̀ tó sì gbìn ín, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ wà láàárín oko àwọn yòókù, afẹ́fẹ́ sì ti da ìyẹ̀ ìrùkẹ̀rẹ̀ tuntun lé e lórí. Ó mú ọ̀kan fi hàn mí, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀.

"Ó ti yọrí. Ìbaaka yín ti dé ọ̀dọ̀ tèmi náà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ bá Àlàájà tó ta àpò yẹn fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, oníbàárà yín ará Kemta, ẹni tó máa ń ra àgbàdo yín kí ẹ tó sọ ẹrù. N kò mọ ohun tí mo ń wá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bóyá kí n kàn mọ ibi tí àgbàdo náà ti wá.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ọmọ Ìyá Ògúntólú! Ojú rẹ rèé! Ẹ̀gbọ́n rẹ wá ra àgbàdo lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, 'Ṣé o fẹ́ rà á ni àbí o fẹ́ tà á?' Ó kàn ka owó lé mi lọ́wọ́ ni."

"Ó fẹ́ rà á ni, mà."

"Subuhánàláà. Àgbàdo ìyá yín ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Láàárín àwọn àpò, lójú ọjà, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbo náà fún un, ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí aládùúgbò òun bá òun wo ìsọ̀, ó sì mú mi lọ sí Kemta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ilé ìdáná àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó na ọ̀pá sókè, ó tọ́ka. Ìdì kan wà níbẹ̀, Màámi, tí a fi háríhá so méjì méjì, pẹ̀lú kókó tí ẹ máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á. N kò lè ṣi kókó yẹn mọ̀ láéláé.

"Ọdún tí mo ti Mẹ́kà dé ló gbé e wá kí mi káàbọ̀," ni Àlàájà wí. "Àwọn èèyàn ń gbé òróró wá, wọ́n ń gbé adìyẹ wá, ìyá rẹ gbé irúgbìn wá! Mo ní, 'Ìyá Ògúntólú, èmi tí mi ò ní ebè kan, kí ni kí n fi ṣe?' Ó ní kí n ṣáà gbé e kọ́, pé èéfín mi ń ṣòfò."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi etí ìborùn nu ojú.

Ọdún tó ti Mẹ́kà dé ni ọdún tó ṣáájú ikú yín. Ọdún náà ni wọ́n fún mi ní ilé ní Ìbarà, tí mo mú yín wá wò ó. Ẹ dúró nínú yàrá ìdáná mi, ẹ gbé ojú sókè. Ẹ ní ó mọ́, ẹ ní ó dára, ẹ sì ní kí n bu omi fún yín mu. Ṣé ọjọ́ yẹn ni ẹ ti mọ̀? Ṣé ẹ lọ wá èéfín ẹlòmíràn nítorí pé ẹ rí i pé ọmọ yín kò ní? Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Ǹ bá bínú sí yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bóyá ǹ bá má sè é.

Ọmọ àgbàdo mẹ́rin ló wà nínú ìdì náà. Eku ti jẹ méjì kan kùùkù. Kòkòrò ti wọ ìkẹta. Ìkẹrin nìkan ni háríhá rẹ̀ ṣì pa dé. Àlàájà kò fi nǹkan pamọ́ fún mi: láti bí ọdún méjì, sítóòfù ni àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ náà fi ń dáná ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan ni wọ́n ń dá iná igi lẹ́yìn ilé. Mo mọ ohun tí ọdún méjì láìsí èéfín ń ṣe sí hóró àgbàdo nínú ooru ilẹ̀ wa. Òun ni mo kọ ìwé lé lórí nígbà tí mo fẹ́ gboyè.

Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, hóró mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni kò lu. Mo tẹ́ wọn sínú àwo.

Ẹ̀gbọ́n wá sí Ìbarà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó bá wá ni pé òun ti rí iṣẹ́ ọdẹ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, pé ọjọ́ Àìkú ni òun ń lọ. Ó ti ń sọ ọ́ lọ kí ó tó rí àwo náà.

"Ti Màámi ni?"

"Tiwọn ni."

Ó mú hóró kan, ó fi sáàárín eyín ẹ̀gbẹ́, kò sì lè fọ́ ọ. Ó dá a padà sínú àwo. "Ká gbin gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òjò àrọ̀kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi mẹ́wàá dán an wò ná. Bí a bá mọ iye tó lè hù, a ó mọ bí a ó ṣe gbin ìyókù. A ò ní òmíràn mọ́."

"O tún fẹ́ se ẹ̀gbo?"

Ó wò mí, ó rí ojú mi, ó sì jókòó sórí àga bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó ti hu ewú, Màámi. Ó jọ yín ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

"Dán an wò," ni ó wí. "Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó padà wá gbọ́. Bó bá hù, mi ò lọ síbì kankan. Bí ò bá hù, ìwọ ni kí o máa bá mi ro etí ibojì Màámi."

Mo fi aṣọ funfun tútù wé hóró mẹ́wàá, mo fi ewé gbòdògì bò ó, mo gbé e sí ìdí sítóòfù níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Irúgbìn tó ní ìlera kì í kọjá ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó ta gbòǹgbò. Òní, ọjọ́ Ẹtì, ló pé ọjọ́ márùn-ún.

Mo ṣí i ní àárọ̀ yìí. Mẹ́ta ti bu, wọ́n ń rùn. Mẹ́fà wú, kò sí nǹkan mìíràn lára wọn. Ní ẹnu ìkẹwàá, ohun funfun kan yọ, kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó lè jẹ́ gbòǹgbò. Ó lè jẹ́ èébu. Nígbà tí wọ́n bá kéré tó báyìí, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ọwọ́ ẹni kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Mo tún aṣọ náà rin, mo wé e padà.

Mo ti kọ ọjọ́ sínú ìwé, mo ti kọ iye èyí tó bu àti èyí tó wú. Iwájú ìkẹwàá ṣófo. Lọ́la ni Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin àkọ́kọ́, tó fẹ́ràn yín, tí kò ní ààrò.